Òdòdó Tí Kò Sí ní Abúlé Òkúta

Nígbà tí àwọn ológun kó ẹrù wọn padà sí bárékè tí ìjọba alágbádá dé, ó dà bíi pé wọ́n pín ẹnu fún gbogbo ará Ṣómólú. Ẹni tí kò lè dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn nílé á dúró ti àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn láàárọ̀, á ka àkọlé iwájú lọ́fẹ̀ẹ́, á sì máa ṣàlàyé òfin ìlú fún gbogbo ayé. Nígbà tí fóònù alágbèéká tún dé, wọ́n gbé àlàyé náà lọ sójú títì, wọ́n ń fi ọwọ́ kan di etí, wọ́n ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Èmi náà wò wọ́n, mo ní kí ni wọ́n fi jù mí lọ? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì.

Bí ẹ bá dárúkọ pọ́díkáàsì fún ọmọ kékeré lónìí, á ní ìyá òun ní méjì. Nígbà tí mò ń wí yìí, n kò rò pé ẹlòmíràn wà ní gbogbo òpópónà Bajulaiye ní Ṣómólú tó mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, mo sì fi ìmọ̀ náà ṣe fáàrí débi pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sá fún mi. Màá ní, "Ẹ̀ẹ́ gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ̀ẹ́ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù ú á gbọ́ ọ nígbà tó bá fẹ́." Wọ́n á ní, "Ta ló máa wù?" Ìbéèrè yẹn máa ń bí mi nínú. Rédíò tí kò ní ilé iṣẹ́, tí kò ní ìwé àṣẹ, tí kò sì ní olùgbọ́ ni mo dá sílẹ̀. Orúkọ tí mo fún un, ojú ń tì mí láti pè é báyìí.

Iṣẹ́ òòjọ́ mi ni kí n máa to ìwé lórí kọ̀ǹpútà ní ilé ìtẹ̀wé kan. Oníbàárà á mú ìwé àfọwọ́kọ tí adìyẹ gan-an kò lè kà wá, èmi á tẹ̀ ẹ́, màá tò ó kó lẹ́wà, lẹ́yìn náà ni yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ. Yàrá tí ọ̀gá mi ń kó bébà sí ni mo sọ di ilé iṣẹ́ rédíò mi. Ìdì bébà tí wọ́n tò kan àjà máa ń gbé ariwo ẹ̀rọ mì, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìyọnu tí mò ń fi ẹnu mi kó. Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, màá wọlé, màá ti ilẹ̀kùn, màá fi máìkì olówó pọ́ọ́kú kan sẹ́nu, òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ọ̀gá mi rò pé àdúrà ni mò ń gbà níbẹ̀. Ó tilẹ̀ ní kí n máa rántí òun.

Káfẹ́ kan ní Bàrígà ni mo ti ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́ ni àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí àwọn ìyá arúgbó òyìnbó. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn rí i pé ohùn ni mò ń fi ránṣẹ́, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Àǹtí, respect o. Ohùn lẹ wá ń lò báyìí? Ṣé wọ́n ń dáhùn?"

"Kì í ṣe irú tiyín," mo wí. "Àwọn èèyàn kàn máa gbọ́ ọ ni."

"Wọ́n á gbọ́ ọ, wọn ò ní san nǹkan kan?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Àǹtí, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì."

Ẹ̀rọ náà máa ń ka iye ìgbà tí èèyàn bá tẹ́tí sí mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ka mọ́kànlélógún. Inú mi dùn débi pé mo ra bisikíìtì fún gbogbo ilé iṣẹ́, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ìgbà tó yá ni ó wá yé mi: gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i láti wò bóyá ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ọ, èmi náà ni ẹ̀rọ ń kà. Mẹ́rìnlá nínú mọ́kànlélógún yẹn, èmi ni. Olùgbọ́ tó ṣeé gbára lé jù lọ ni mo jẹ́ fún ara mi.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, àwọn olóṣèlú ni mò ń bú. Àwọn olóṣèlú yìí kan náà, àwa la ń tẹ pósítà wọn. Láàárọ̀, màá jókòó ti kọ̀ǹpútà, màá fọ eyín ẹnìkan nínú àwòrán kó funfun. Lọ́sàn-án, màá wọ yàrá bébà lọ sọ pé eyín yẹn ló fi ń jẹ owó ìlú. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí mi. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi nígbà tí gbogbo ìdí ìwé ìròyìn ti kún fún un? Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ òkú jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ìwé ètò ìsìnkú, lẹ́yìn àwòrán àti orin, ojú ewé kan máa ń wà fún ìtàn ìgbésí ayé olóògbé. Ẹbí á jà lórí àwòrán. Wọ́n á jà lórí orúkọ ọmọ tó máa ṣíwájú. Tó bá wá kan ìtàn olóògbé fúnra rẹ̀, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ bá wa wá nǹkan sí i. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí." Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ọ̀kan nílẹ̀. Ìyá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ni ín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó dùn débi pé ọ̀gá mi ní kí n má pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ báyìí: "Ìyá wa kì í gbé ohùn rẹ̀ sókè. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ní kùtùkùtù, yóò jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò dìde, yóò bomi rin àwọn òdòdó tó gbìn síwájú ilé, yóò sì máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀."

Orúkọ, ìlú àti iye ọmọ nìkan ni mo máa ń pààrọ̀. Láàárín ọdún mélòó kan, ogunlọ́gọ̀ ìyá ló ti gbé ayé ìyá yẹn. Oníṣòwò aṣọ bomi rin òdòdó. Alágbo bomi rin òdòdó. Ìyá kan tó fi gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀ gbé yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò, òun náà bomi rin òdòdó. Kò sẹ́ni tó ṣàtakò rí. Wọ́n á kà á níwájú pósí, àwọn èèyàn á máa mi orí, ẹni tó mọ̀ dájú pé olóògbé fi ìkòkò fọ́ ọkọ rẹ̀ lórí ni yóò kọ́kọ́ ṣe àmín.

Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú pọ́díkáàsì. Mo fi ohùn pásítọ̀ ka ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń gbá ìdì bébà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èèyàn méje kọ̀wé sí mi láti òkè òkun. Ọ̀kan ní òun rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ ojú irin títí àwọn òyìnbó fi dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Orí mi wú. Mo rìn láti Bàrígà padà sí Ṣómólú bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Lẹ́tà kẹjọ kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí," ọkùnrin náà kọ ọ́. "Ìyá tó ń bomi rin òdòdó tí ẹ kà yẹn, màmá mi ni. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. N kò lè wá sin wọ́n, ìwé náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òdòdó. Mo ti gbin òdòdó síwájú ilé mi níbí nítorí wọn, èmi àti àwọn ọmọ mi la jọ ń bomi rin ín. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín? Ṣé irọ́ ni?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré. Mo tilẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ sínú kàlẹ́ńdà fún oníbàárà kan. Mo fi orúkọ tó wà nínú lẹ́tà náà wá ìwé ìyá rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ìyá náà wá láti etíkun Oǹdó, ó ń yan ẹja ní etí ọ̀sà ní Bàrígà, ilé rẹ̀ wà ní Abúlé Òkúta. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ló gbé iṣẹ́ náà wá nígbà tí ìsìnkú ku ọjọ́ méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo lò lórí ayé obìnrin yẹn. Ní Abúlé Òkúta, níbi tí ilé àti ilé ti ń fi èjìká gbá ara wọn, n kò mọ ibi tí ẹnikẹ́ni á ti rí ilẹ̀ gbin ewé efinrin, áńbọ̀sì òdòdó.

Ẹ̀rù bà mí, mo lọ sọ fún ọ̀gá mi. Kò kọ́kọ́ gbọ́ ti ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ rárá.

"O gbé àṣírí iṣẹ́ wa lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Nínú yàrá bébà mi? Mo ṣe bí àdúrà lò ń gbà!"

"Ẹ má bínú, sà."

"Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ère la ń gbẹ́ níbí! Kọ̀wé sí i pé òótọ́ ni. Bí oníbàárà kan péré bá wá bá mi nítorí ọ̀rọ̀ yìí, kí ìwọ náà wá ibòmíì jókòó sí."

Ó yẹ kí n gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń pe ara mi ní olóòótọ́ lórí afẹ́fẹ́ láti bí oṣù mélòó kan, ẹni méje ti gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti wọ̀ mí lágbárí. Mo kọ̀wé sí ọkùnrin náà pé irọ́ ni, pé kó foríjì mí, pé òdòdó yẹn kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kó tó dáhùn. Gbólóhùn mélòó kan ló kọ: "Ta wá ni màmá mi? Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti kúrò nílé. Ẹ bá mi béèrè."

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo gba etí ọ̀sà lọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú báàgì mi. Èéfín ẹja ló kọ́kọ́ kí mi. Mo bá ìyá mẹ́ta tí wọ́n jọ ń yan ẹja pẹ̀lú olóògbé nídìí ààrò wọn. Wọ́n rò pé ìjọba ló rán mi, wọn ò dá mi lóhùn títí mo fi sọ pé ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló ní kí n wá.

"Ṣé á gbọ́ ohun tá a bá sọ síbẹ̀ yẹn?" èyí tó dàgbà jù bi mí.

"Á gbọ́ ọ, mà."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé dáadáa, wọ́n wá jókòó. N kò ní ọkàn láti sọ fún wọn pé ẹ̀rọ náà kò ríran.

Mo ka ìtàn òdòdó sí wọn létí. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbé wọn lọ.

"Òdòdó?" ni ìyá kejì wí. "Ibo ló fẹ́ gbìn ín sí, orí ẹja?"

"Kì í gbé ohùn sókè kẹ̀!" ni ìyá kẹta wí. "Bó bá pe èèyàn níbí, ẹni tó ń ju àwọ̀n láàárín omi á dáhùn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ ṣáájú. Wọ́n sọ ti wolé-wolé tó wá sọ pé èéfín wọn ti pọ̀ jù, tí màmá yẹn fi ọ̀wọ̀ ní kó wọlé wá wo èéfín náà fínnífínní. Wolé-wolé wọnú ahéré, màmá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ní kó ka èéfín náà tán kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá kejì sọ pé ọdún mẹ́ta gbáko ni òun àti olóògbé ò fi kí ara wọn, nítorí agbọ̀n kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni ín. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn ni iná jó ahéré ìyá kejì yìí. Bó ti dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá olóògbé tó ti fi páànù pín ààrò ara rẹ̀ sí méjì, ó ti dáná sí apá kan fún un, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Kò sì kí mi síbẹ̀," ìyá náà wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Oṣù márùn-ún ni mo fi yan ẹja lórí ààrò rẹ̀. Kò kí mi!"

Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mo ń dúpẹ́ pé ẹ̀rọ mi ń ṣiṣẹ́. Ìgbà náà ni èyí tó dàgbà jù wá fi ọwọ́ sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n dákẹ́. Ó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ọmọ náà máa ń pè. Màmá á ní ara òun le, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Á wá na fóònù sórí iná, á ní, "Gbóòórùn rẹ̀. Ṣé o ṣì mọ̀ ọ́n?" Bí ọmọ bá ti pa fóònù, á jókòó, á kọ ẹ̀yìn sí wọn. Lọ́jọ́ kan ó ní ọmọ òun ti di ohùn, ohùn lásán ni òun bí.

Ìyá àgbà náà gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bù ú jẹ. "Ìwọ ọmọ yìí," ó wí, "màmá rẹ ní bí òun bá kú, kí o má fi owó ránṣẹ́, kí o fi ẹsẹ̀ rẹ wá. O ò wá. Àwa la bò ó."

Mo lè gé ibẹ̀ yẹn kúrò. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni gígé kúrò. Mo jókòó nínú yàrá bébà, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo sì fi í sílẹ̀, torí ó dùn-ún gbọ́, torí n kò gbọ́ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí lórí rédíò kankan. Ìgbéraga ló ń ṣe mí, mo sì pe orúkọ rẹ̀ ní òtítọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí káfẹ́ kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó gbé e lọ. Mo kọ̀wé sí ọkùnrin náà pé kó wá gbọ́ ìyá rẹ̀ gan-an, mo wá jókòó, mo ń retí ọpẹ́.

Ohun tó kọ nìyí: "Mo gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un kúrò níbẹ̀. Màmá tó ń bomi rin òdòdó ni ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi mọ̀. N kò lè mú ẹlòmíràn wọlé fún wọn báyìí. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ yẹn ló dára jù."

Inú bí mi. Mo ní ojo ni, mo ní kò yẹ lọ́mọ, mo bú u láti káfẹ́ títí dé ilé. Mo dé ilé tán ni ojú gbà mí tì, n kò sì mọ ẹni tí ojú ń tì mí nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo mú un kúrò. Méje péré ló ti gbọ́ ọ, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì ni èmi.

Nígbà tí ọdún yípo, ọmọ àbúrò ìyá náà padà wá sí ilé iṣẹ́ wa fún ìwé ìrántí. Ó mú àwòrán tuntun wá fún èèpo iwájú: òdòdó pupa àti yẹ́lò níwájú ilé kan lókè òkun, ọmọ kékeré méjì dúró tì í pẹ̀lú kẹ́tùlù omi. Ìtàn ìgbésí ayé ńkọ́? Ó ní wọ́n ní kí a lo ti tẹ́lẹ̀, kí a kàn jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi sí i. Mo tò ó. Ó lẹ́wà. Ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń súfèé.

Láàárín gbogbo àkókò yẹn, àwọn ìyá etí ọ̀sà ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń sá. Níkẹyìn mo lọ. Èyí tó dàgbà jù nìkan ni mo bá, ó ń yí ẹja padà lórí iná. Kò jẹ́ kí n kí i tán.

"Ṣé ó gbọ́ ọ?"

"Ó gbọ́ ọ, mà."

"Kí ló wí?"

Èéfín wọ̀ mí lójú. "Ó sunkún, mà," mo wí. "Ó sunkún gan-an. Ó ní ẹ ṣeun, ó ní òun ń bọ̀ wá sílé."

Ó dúró, ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tóò," ó wí. "Mo máa sọ fún àwọn yòókù. Ọmọ dáadáa ni tẹ́lẹ̀, o rí i." Ó wé ẹja mẹ́ta tó tóbi jù fún mi, ó ní kí n fún un nígbà tó bá dé. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.